Ìwọ, Létí Fèrèsé

Bàbá mi kì í pe ọmọ kíláàsì rẹ̀ lórúkọ. Tíṣà gẹ̀ẹ́sì ni, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ ti máa ń fún ara wọn mẹ́ta mẹ́ta sórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì. Kó tó há orúkọ gbogbo wọn sórí, ọdún á ti parí, àwọn mìíràn á ti wọlé. Ló bá dá ọgbọ́n tirẹ̀. Ibi tó o bá jókòó sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibẹ̀ lorúkọ rẹ títí ọdún á fi yípo. "You by the door," ìyẹn ìwọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Him under the clock," ìyẹn ọmọkùnrin tó wà lábẹ́ aago. "You two at the back," ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn pátápátá, tẹ́ ẹ rò pé ojú òun ò tó yín. Ẹni tó bá lọ pààrọ̀ àga, ó ti sọ orúkọ ara rẹ̀ nù nìyẹn, yóò sì fojú winá.

Ó fẹ́ràn irú gẹ̀ẹ́sì yẹn ju gẹ̀ẹ́sì inú ìwé lọ. Ó ní bí àwọn tó ni èdè ṣe ń sọ ọ́ lójú pópó àti nínú ilé ìdáná wọn nìyẹn: wọ́n á mú "ìwọ" tàbí "àwa" tàbí "àwọn," wọ́n á so ibi tí onítọ̀hún wà mọ́ ọn nídìí, ọ̀rọ̀ parí. Àwa, nísàlẹ̀. Àwọn, nínú ọ́fíìsì. Ó ní bí ẹnì kan bá ti lè sọ ibi tó o wà láìwo ojú rẹ, onítọ̀hún mọ̀ ẹ́ nìyẹn.

Láti ibí lọ, n ó máa yí ọ̀rọ̀ Bàbá sí èdè wa kí gbogbo wa lè jọ máa gbọ́ ọ. Ẹ má sì retí pé kí n máa da gẹ̀ẹ́sì bolẹ̀. Ọmọ tíṣà gẹ̀ẹ́sì ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi àti gẹ̀ẹ́sì ò gbọ́ra wa yé rí. Aṣọ ni mò ń rán, abẹ́rẹ́ ò sì bi mí ní gírámà. Ẹ má sì bínú pé "ó" ni mò ń pe Bàbá. Tó bá ṣe ojú rẹ̀ ni, "wọ́n" ni, mo lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí n máa wọ́n-ọn kiri nínú ìtàn yìí, ẹ ò ní mọ ẹni tó ń ṣe kí ni mọ́.

Àwa mẹ́rin la wà nílé: Bàbá, Ìyá, bọ̀dá mi, àti èmi àbígbẹ̀yìn. Bọ̀dá mi fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ. Nígbà tí mo ṣì kéré gan-an, Bàbá ní gẹ̀ẹ́sì la gbọ́dọ̀ máa sọ nídìí oúnjẹ alẹ́. Ohun tí mo rántí nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo rántí òórùn ọṣẹ lọ́wọ́ Ìyá. Mo rántí bọ̀dá mi tí kì í bọ́ bàtà nídìí tábìlì nítorí pé bọ́ọ̀lù ń dúró dè é níta, àti Bàbá tó ń pariwo mọ́ ọn pé kó jókòó. Mo sì rántí àtẹ́lẹwọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ṣíbí, Bàbá á wo àwọn àga yíká, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, á ní, "Àwa, nídìí tábìlì yìí." Gbogbo wa á tẹ́ ọwọ́ tiwa náà, a ó wá jẹun.

Àga kan ò gbọ́dọ̀ ṣófo. Lọ́jọ́ kan Ìyá lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ dùn mọ́ wọn lẹ́nu, kò tètè dé. Bàbá ò sọ ọ̀rọ̀ náà, kò sì sẹ́ni tó jẹun. Oúnjẹ tutù, ebi ń pa wá, ó jókòó síbẹ̀ gbọnin. Nígbà tí Ìyá wọlé, ẹ̀rín ló bú sí. "Ẹ fẹ́ febi pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí tèmi, àbí?" Ọmọ òun náà ni wá, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ìgbà tí bọ̀dá mi wọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń gbé, àga rẹ̀ ṣófo. Ìyá ló máa ń sọ fún mi pé lálẹ́ ọjọ́ tó lọ, Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó wo àga náà títí, ó wá gbé ọwọ́ padà sórí itan rẹ̀. Kò sọ ọ́ mọ́ láti ìgbà náà. A kàn ń jẹun bí gbogbo ayé ṣe ń jẹun, ní èdè tó bá wá sí wa lẹ́nu. Inú mi ò bàjẹ́ sí i, nítorí ìsinmi ló jẹ́ fún mi.

Ìyá ti kú kí àìsàn tó mú Bàbá. Ní àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn ayé Ìyá, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde. Á gbé àga sí yàrá iwájú ilé, létí fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, á máa kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, á sì máa tọ pinpin wọn fún mi. "Ìyẹn ti ra bàtà tuntun. Ta ló rà á fún un?" Bí mo ṣe ń ránṣọ ni mo ń rẹ́rìn-ín. Títí di òní, tí wọ́n bá dárúkọ fèrèsé, Ìyá ni mo máa ń kọ́kọ́ rí.

Àrùn rọpárọsẹ̀ gbé Bàbá ṣánlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń wá bàtà rẹ̀ kiri. Ọwọ́ ọ̀tún lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ahọ́n tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe èdè tí ìyá rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n ló padà. Gẹ̀ẹ́sì kíláàsì ni, kò sì ju bó ṣe máa ń pe àwọn ọmọ lọ. Orúkọ ẹnì kankan ò sí níbẹ̀. Dókítà di "Òun, nínú aṣọ funfun." Àwọn aládùúgbò tó ń gbé lórí wa, tí wọ́n ń wọ́ àga kiri bí ẹni ń wọ́ màlúù, di "Àwọn, lókè." Bó ṣe ń fajú ro tó bá sọ ọ́, ẹ̀yin náà á mọ̀ pé èébú ni.

Èmi wá ńkọ́? "Ìwọ, létí fèrèsé."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè mí bẹ́ẹ̀, ìdí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo dúró sí, mò ń fi ṣíbí bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, oúnjẹ tí kò níyọ̀ nítorí dókítà ti kìlọ̀ iyọ̀ fún un pátápátá. Fèrèsé yàrá náà wà lódìkejì, kọ́bọ́ọ̀dù ti dí ìdajì rẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan. Ó tún sọ ọ́, ojú mi gan-an ló sì ń wò. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Mo ní, ó ti tán, Ìyá ló ń rí. Èmi tí mò ń wẹ̀ ẹ́, tí mò ń yí i kí egbò má bàa dá sí i lẹ́yìn, tí mò ń sáré láti ìdí ẹ̀rọ lọ sí ìdí bẹ́ẹ̀dì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mi ò sí lójú rẹ̀ rárá. Ó dùn mí wọra. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mi ò kọ̀ kó mu. Kó ṣáà mọ ọmọ tó ń fún un lọ́mú.

Síbẹ̀, mo dáhùn. "Mo wà níbí, Bàbá." Tó bá jẹ́ Ìyá ló wù ú kó rí, kó rí Ìyá.

Ìbéèrè kan tún wà tí kì í jẹ́ kó sinmi. "Òun, lápá ilé ìdáná?" Á gbé ojú sókè, á máa retí èsì. Ìyẹn ò le lójú tèmi. Mo ní obìnrin tó ń bá wa dáná láràárọ̀ ló ń béèrè, ẹni tó máa ń gba ilé búrẹ́dì kọjá kó tó wọlé. Mo máa ń dá Bàbá lóhùn pé, "Wọ́n lọ ra búrẹ́dì. Wọ́n ń bọ̀." Á mi orí, ara rẹ̀ á balẹ̀, á wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà, á máa wò ó. Ohun kan tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé tí alásè wa bá wọlé tòun ti búrẹ́dì, tó sì kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, Bàbá á kàn gbójú kúrò lára rẹ̀, á tún máa wo ẹ̀yìn rẹ̀, bíi pé ẹlòmíràn ń tẹ̀ lé e bọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní ọsibítù tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn tí àìsàn ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn bí wọ́n á ṣe tún sọ̀rọ̀. Ọmọdé ni, àmọ́ orí rẹ̀ pé. Mo bi í bóyá Bàbá lè dárúkọ mi láé.

"Mà, ṣebí wọ́n ní inú ẹni lorúkọ tá a máa sọ ọmọ ẹni ń gbé," ó ní. "Orúkọ yín wà nínú wọn. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ló há. Ẹ má máa gbá ilẹ̀kùn yẹn mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni kẹ́ ẹ máa gbọ́, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n sọ sílẹ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo délé, mo sì ń gbá ilẹ̀kùn náà lọ. "Bàbá, kí lorúkọ mi?" láàárọ̀. "Bàbá, kí lorúkọ mi?" lálẹ́. Olórí kunkun ni mí, ẹ jọ̀ọ́.

Bọ̀dá mi ń gbé ní ìlú míì. Àwòrán ilé ló ń yà fáwọn tó fẹ́ kọ́lé, kò sì sí ilé tó máa wọ̀ tí kò ní sọ fónílé pé ògiri rẹ̀ wọ́. Èèyàn dáadáa ni. Mo tètè ń sọ ọ́ nítorí ó ṣeé ṣe kí inú yín ru sí i láìpẹ́, bó ṣe ru sí èmi náà.

Bàbá ṣubú ní balùwẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nílé, apá mi ò ká a, ni mo bá jókòó tì í lórí ilẹ̀ tútù, mo ń kígbe títí àwọn ará òkè fi sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Àwọn, lókè, wúlò lọ́jọ́ yẹn. Bọ̀dá mi gbọ́, ó sì wá. Ó wo ọwọ́ mi tó wú. Ó wo aṣọ oníbàárà tó kún iwájú ilé láìrán.

"Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan wà nítòsí mi," ó ní. "Ó mọ́ tónítóní. Àwọn ọkùnrin tó lágbára wà níbẹ̀ tí wọ́n lè gbé Bàbá. Tí mo bá ń tibi iṣẹ́ bọ̀, mo lè máa yà kí wọn."

"Bàbá ò lọ síbì kankan."

"Ṣé wọ́n mọ̀ ẹ́?"

Mo mú àlùmọ́gàjí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ tó wà níwájú mi.

"Mi ò fi ṣe ẹ́ ní yẹ̀yẹ́ o, àbúrò mi. Tí wọ́n bá mọ̀ ẹ́, kò síbi tó dà bí ilé. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá mọ̀ ẹ́, àlejò ló ń tọ́jú wọn níbí, àlejò náà ló máa tọ́jú wọn lọ́hùn-ún. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀yìn tìẹ ò ní kán."

"Bọ̀dá mi, ẹ ní àlejò? Èmi?" Mo ju àlùmọ́gàjí ọwọ́ mi sórí tábìlì, ó fò, ó balẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò rí irọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. A jiyàn títí ọ̀fun wa fi gbẹ. Níkẹyìn a fẹnu kò. Ó máa padà wá ní ọjọ́ Àìkú. Tí Bàbá bá dárúkọ mi lójú rẹ̀, tàbí tó ṣe ohunkóhun tó fi hàn pé ó mọ ẹni tí mo jẹ́, ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú ti kú nìyẹn. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an ló máa gbé e lọ. Mo gbà. Ìbínú ló bá mi gbà á.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí ohun tí mi ò dán wò. Mo gbé fọ́tò ìgbà èwe mi síwájú rẹ̀. Mo ń sọ orúkọ mi sí i létí bí ẹni ń pe ọfọ̀. Bàbá á wò mí tàánútàánú, á fi ọwọ́ òsì tó ṣẹ́kù fún un gbá mi lọ́wọ́ pẹ́pẹ́, á ní, "Ìwọ, létí fèrèsé." Mo máa ń padà sídìí ẹ̀rọ lọ sunkún. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ bá a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mò ń sunkún, mò ń rán an lọ.

Ọjọ́ Àìkú pé. Bọ̀dá mi dé lọ́sàn-án pẹ̀lú báàgì ńlá kan tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó kí Bàbá, Bàbá kàn ń wò ó. Ó nàka sí mi.

"Bàbá, ta nìyí?"

Bàbá wò mí. "Ìwọ, létí fèrèsé."

Bọ̀dá mi wo fèrèsé tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wo èmi tí mo wà lódìkejì. Ó tún béèrè, jẹ́jẹ́. Èsì kan náà ló gbà.

"Bàbá, orúkọ mi ni," mo ní. "Ẹ̀yin náà lẹ sọ mí lórúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ìwọ, létí fèrèsé!" Ó fajú ro lọ́tẹ̀ yìí, bíi tíṣà tí ọmọ kan ò gbọ́ ohun tó ń wí.

"Ó tó," ni bọ̀dá mi wí. "Má dà wọ́n láàmú mọ́."

"Ìyá ni wọ́n ń rí," mo ní. "Ibẹ̀ ni Ìyá máa ń jókòó sí."

"Mo mọ̀. Èmi náà bá wọn níbẹ̀." Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, mo sì gbọn ọwọ́ náà dànù. Ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá sínú báàgì. Ó ń ká a dáadáa, ó ń to kọ́là lé kọ́là. Mo kórìíra rẹ̀ fún bó ṣe ń ká a dáadáa yẹn.

"Ìwọ, lẹ́nu ọ̀nà!"

Ohùn kíláàsì ni. Mi ò tíì gbọ́ ọ látìgbà tó ti ṣàìsàn. Èmi àti bọ̀dá mi jọ yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó dúró níbẹ̀.

"Ìwọ, lẹ́nu ọ̀nà. Jókòó."

Mo wo Bàbá. Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Bàtà bọ̀dá mi ló ń wò, bàtà dúdú tó fi wọ yàrá láìbọ́ ọ.

Ṣẹ́ẹ̀tì bọ́ lọ́wọ́ bọ̀dá mi. Òun náà wo bàtà rẹ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì wọ̀ọ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni wọ́n ń pè."

"Níbo lẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà?"

"Nídìí tábìlì. O ò lè rántí, ọmọ kékeré ni ẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni àga mi wà, kí n lè tètè bẹ́ jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń pariwo yẹn mọ́ mi. Ìwọ, lẹ́nu ọ̀nà, jókòó. Bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo wa nìyẹn tá a bá ti dé ìdí tábìlì, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọmọ kíláàsì wọn." Ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì ti kún fún omi. "Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé mi. Mi ò kì í sábà wá, mo ní kí ni wọ́n máa fi rántí mi."

Mo bi í pé, "Ta ló wá wà létí fèrèsé?"

Bọ̀dá mi wò mí bíi pé ẹ̀sẹ̀kẹsẹ̀ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi.

"Ìwọ ni," ó ní. "Ìwọ mà ni. Mo bá ẹ du àga yẹn. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí pápá dáadáa, mo sunkún lé e. Bàbá ní rárá. Wọ́n ní, ojú ọmọ yìí ò ríran tó, ẹ ò rí bó ṣe ń gbé àwo sún mọ́ imú kó tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kó jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. O ò tíì máa lo awò nígbà yẹn. Ìyá pàápàá ò tíì mọ̀. Bàbá ló kọ́kọ́ mọ̀."

Mo bọ́ awò ojú mi, nítorí mi ò rí nǹkan kan mọ́ nínú rẹ̀. Iwájú ilé wa ni tábìlì yẹn wà nígbà náà, ibẹ̀ náà ló ṣì wà. Tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìránṣọ, tí wọ́n ní kí n yan ibi tí mo máa gbé ẹ̀rọ sí, etí fèrèsé ni mo gbé e sí nítorí ìmọ́lẹ̀. Mo rò pé èmi ni mo yàn án. Gbogbo oṣù tí mo fi ń bẹ Bàbá pé kó dárúkọ mi, orúkọ mi ló ń pè láràárọ̀, lálaalẹ́, èmi ni mo ń bojú wẹ̀yìn.

Mo dì mọ́ ọn lọ́rùn. "Bàbá, èmi ni. Èmi létí fèrèsé."

Ó mi orí, bíi pé ó tó àkókò.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kejì sọ sí mi lọ́kàn. "Bọ̀dá mi, ibo ni Ìyá máa ń jókòó?"

"Lápá ilé ìdáná. Kí wọ́n lè tètè dìde lọ gbé ìkòkò."

Mo sọ fún un. Mo ní látìgbà tí ọ̀rọ̀ ti padà sí Bàbá lẹ́nu ló ti ń bi mí nípa Ìyá, tí mo sì ń dá a lóhùn pé Ìyá lọ ra búrẹ́dì, pé ó ń bọ̀. Mo ní ìdí tó fi ń wo ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Bọ̀dá mi ò dá mi lẹ́bi, kò sì tù mí nínú. Ó kàn nu ojú rẹ̀.

"Jẹ́ ká gbé wọn lọ sídìí tábìlì," ó ní.

A kó gbogbo aṣọ kúrò lórí tábìlì, a ti ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. A gbé Bàbá sórí àga onítáyà rẹ̀, a tì í lọ sí ìkángun tábìlì níbi tó máa ń wà. Mo bu oúnjẹ tí alásè sè sílẹ̀. Bọ̀dá mi to àga bó ṣe rántí rẹ̀. Nígbà tó gbé ọ̀kan sí apá ilé ìdáná, mo ní kó gbé e kúrò, kí Bàbá má bàa rí i. Ó ní, "Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Wọ́n á rí i bí kò bá tiẹ̀ sí níbẹ̀." Ó lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Mo jókòó létí fèrèsé.

Bàbá wo bọ̀dá mi. Ó wò mí. Ó wá wo àga kẹta.

"Òun, lápá ilé ìdáná?"

Búrẹ́dì ti wà lórí ahọ́n mi. Ó rọrùn láti sọ, ara rẹ̀ á sì balẹ̀. Mo wo bọ̀dá mi, ó ti sorí kọ́. Ògiri ló mọ̀ ọ́n wò, kò mọ irú èyí. Èmi ni mo sì pa irọ́ náà.

"Bàbá," mo ní, "Ìyá ò lọ ra búrẹ́dì. Ẹ má bínú sí mi, mi ò mọ̀ pé Ìyá lẹ̀ ń béèrè. Ìyá ti kú. Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ di ọwọ́ wọn mú."

Omi ń bọ́ lójú Bàbá, ó ń ṣàn gba inú irùngbọ̀n rẹ̀ lọ, kò sì gbé ọwọ́ nù ún. Ọbẹ̀ ń tutù. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ṣíbí nínú wa. Àwọn, lókè, wọ́ àga kan, wọ́n sì dákẹ́. Mo ní nínú mi pé mo ti pa bàbá mi.

Ọwọ́ òsì rẹ̀ wá gbéra. Ó lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ó dúró lórí afẹ́fẹ́, Bàbá sì ń wo àga Ìyá. Bí Ìyá ṣe máa ń ròyìn rẹ̀ fún mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo rò pé ọwọ́ náà á padà sórí itan.

Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Àwa," ó ní. Ó mí kanlẹ̀. "Nídìí tábìlì yìí."

Bọ̀dá mi tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Mo tẹ́ tèmi. Mo gbọ́ bí bàtà kan ṣe bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, èkejì sì tẹ̀ lé e.

Bàbá tọ́ ọbẹ̀ náà wò, ó yínmú.

"Ìwọ, létí fèrèsé. Iyọ̀."

Mo na iyọ̀ sí i. Dókítà kò sí nídìí tábìlì yìí.